Ọ̀pá Gíà Ọkọ̀ Oko: Èyí Tí Ó Yẹ Kí A Mú àti Èyí Tí Ó Yẹ Kí A Sá Fún

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kì í ṣe ti ìwé owó, kì í sì í ṣe ti èlé orí ẹ̀yáwó. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì ni, kí ó wá ṣí ewé yìí kọjá. Owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀mí ènìyàn náà sì wà nínú rẹ̀.

OHUN TÍ Ó FA Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

Ní àsìkò iṣu titun kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa yá owó, ó fi ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wọ́ nínú ẹrẹ̀. Gíà rẹ̀ jẹ́ ọtọmátíìkì. Kò pẹ́ tí gíàbọ́ọ̀sì náà daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n bá a wá òmíràn níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tí a ti lò. Gíàbọ́ọ̀sì yìí dára, ẹ́ńjìnì sì gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀pá gíà tó wà nínú ọkọ̀ kò bá a mu. Mẹkáníìkì lọ wá ọ̀pá mìíràn, ó jó o mọ́lẹ̀, ó so wáyà rẹ̀, ó ní ó ti parí.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ń kó iṣu sínú ọkọ̀ náà. Dírẹ́bà fi gíà sí N, kò pa ẹ́ńjìnì, ó sọ̀kalẹ̀ láti bá wọn gbé ẹrù. N ni ojú ọ̀pá ń fi hàn lóòótọ́, àmọ́ nínú gíàbọ́ọ̀sì, àárín N àti R ni nǹkan wà. Bí wọ́n ti ń ju iṣu sẹ́yìn ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ń mì, títí gíà fi yọ́ bọ́ sí R. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ìyá oníṣu kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ka iṣu rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọkùnrin kan tó kígbe, “Mama, ẹ dìde!” tó sì fa ìyá náà ní aṣọ. Ọkọ̀ gun òkìtì iṣu, ó fọ́ ọ yángá, ó kọlu ògiri kí ó tó dúró.

Àwa náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tó dùn wá jù ni pé àwa la fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó ọkọ̀ yẹn. A béèrè iye owó, a béèrè oníduro méjì, a yẹ ìwé ọkọ̀ wò. A kò béèrè nǹkan kan nípa ọ̀pá gíà. Ẹ̀bi tiwa wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi lọ jókòó ti àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, tí a sì ka ohun tí a lè kà, kí a lè mú un wá fún yín.

1. KÍ NI Ọ̀PÁ GÍÀ Ń ṢE?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ èyí: ọ̀pá gíà kì í ṣe gíà. Ìránṣẹ́ lásán ni. Bí ẹ bá fà á, yóò fa wáyà kan tàbí ọ̀pá irin kan lábẹ́ ọkọ̀. Wáyà yẹn ni yóò yí apá kékeré kan tó wà lára gíàbọ́ọ̀sì. Apá yẹn ló ń ṣí ojú ọ̀nà fún ọ́ìlì, tí ọ́ìlì fi lè lọ di àwọn kílọ́ọ̀ṣì inú gíàbọ́ọ̀sì mú.

Gíàbọ́ọ̀sì ní ibùjókòó tirẹ̀ fún gíà kọ̀ọ̀kan. Bí apá yẹn bá jókòó dáadáa, ẹ ó gbọ́ “kọ́”. Ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ dírẹ́bà náà ní ibùjókòó tirẹ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìránṣẹ́ bá jẹ́ iṣẹ́ ní òdì, ilé tí a rán an lọ kò ní mọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ oníṣu nìyẹn.

Àbùkù kejì kì í pariwo bí ti àkọ́kọ́, owó ló máa ń jẹ. Bí D kò bá wọlé tán, ọ́ìlì kò ní fi agbára kíkún di kílọ́ọ̀ṣì mú. Kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, á máa gbóná, á jó. Ẹni tó ni ọkọ̀ á ní gíàbọ́ọ̀sì tí òun rà kò dára, á tún lọ ra òmíràn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá ni kò bá a mu.

2. ÀWỌN LẸ́TÀ ORÍ Ọ̀PÁ

Ó ti pẹ́ tí gíà ọtọmátíìkì ti wà. Ọdún 1939 ni ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà gbé Hydra-Matic jáde, wọ́n sì fi sínú ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940. Nígbà náà, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń to lẹ́tà bó ṣe wù ú. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí R wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ L tímọ́tímọ́, tí ẹni tó fẹ́ lọ síwájú lè ṣèèṣì lọ sẹ́yìn. Láti ọdún 1968, òfin ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé N gbọ́dọ̀ wà láàárín gíà ẹ̀yìn àti gíà iwájú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí P, R, N, D báyìí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀.

P: Eyín irin kékeré kan ló ń há gíàbọ́ọ̀sì. Kì í ṣe bíréèkì o. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ sì fi òkúta dí táyà bí ilẹ̀ bá dagun.
R: Ẹ̀yìn.
N: Gíà kò mú nǹkan kan.
D: Iwájú. Gíàbọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni yóò máa pààrọ̀.
3, 2, L tàbí 1: Dírẹ́bà ń sọ fún gíàbọ́ọ̀sì pé, “Má kọjá ibí yìí.”

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ onítáyà mẹ́rin, ẹ fi etí sí èyí dáadáa. Ọ̀pá kékeré kejì máa ń wà nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ti àpótí tó ń pín agbára sí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Òun náà sábà máa ń ní N tirẹ̀. Bí ọ̀pá kékeré yìí bá wà ní N, P orí ọ̀pá ńlá kò lè dá ọkọ̀ dúró mọ́, nítorí pé agbára ti já kó tó dé táyà. Ọkọ̀ lè yí lọ gbuurugbu tí P sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ni kò mọ èyí.

3. OHUN TÍ OKO Ń FẸ́ LỌ́WỌ́ Ọ̀PÁ GÍÀ

Ẹni tó ń gba ọ̀dà láti Òṣogbo wá sí Ìlobùú, tó tún gba Ifọ́n lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó lè fi ọ̀pá sí D kó má tún fọwọ́ kàn án mọ́. Ọ̀nà oko kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ro ọ̀nà abúlé nígbà òjò, ilẹ̀ pupa tó ń yọ̀ bí ilá, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ lọ sí odò, afárá onígi, ẹrù iṣu tàbí gbágùúdá tó kún dé ẹnu.

Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, L tàbí 2 la fẹ́, kí ẹ́ńjìnì lè máa bá wa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó bá fi D sọ̀ kalẹ̀, bíréèkì nìkan ni yóò máa tẹ̀ títí bíréèkì yóò fi gbóná tí kò ní mú mọ́. Bí a bá ń gun òkè, bákan náà ni. D á máa gbé gíà sókè, á máa gbé e sílẹ̀, ọ́ìlì á sì máa gbóná. Fi í sí 2 tàbí L kó dúró síbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, àwọn dírẹ́bà máa ń lọ síwájú díẹ̀, kí wọ́n padà sẹ́yìn díẹ̀. Kò burú bí a bá jẹ́ kí táyà dúró kí a tó pààrọ̀ láàárín D àti R, tí a kò sì ṣe é pẹ́. Ooru ọ́ìlì ló ń pa gíà ọtọmátíìkì ju ohunkóhun lọ.

Nítorí náà, ọ̀pá tó bá iṣẹ́ oko mu gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan mẹ́rin. Kó lè di L àti 2 mú láìyọ̀. Kí ọwọ́ lè mọ ibi tó wà láìwò ó. Kó ní ìdènà tí kò ní jẹ́ kó ṣèèṣì bọ́ sí R tàbí P nígbà tí ọkọ̀ bá ń fò lórí gegele. Kó sì lè fara da eruku àti ẹrẹ̀.

4. IRÚ Ọ̀PÁ TÍ Ó WÀ

(a) Ọ̀pá tí wọ́n ṣe pẹ̀lú gíàbọ́ọ̀sì náà gan-an. Èyí ló dára jù. Bí ẹ bá ń ra gíàbọ́ọ̀sì tí a ti lò, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó bá yín yọ ọ̀pá, wáyà àti apá rẹ̀ mọ́ ọn láti ara ọkọ̀ kan náà. Owó kékeré tí ẹ ó fi kún un yóò gbà yín lọ́wọ́ owó ńlá.

(b) Ọ̀pá ọrùn sitíárìn. Àwọn àgbà inú wa rántí Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ọ̀pá gíà lọ́rùn sitíárìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gíà alọ́wọ́fà ni tiwọn. Àwọn ọkọ̀ ọtọmátíìkì kan náà ní irú rẹ̀. Ó ń jẹ́ kí àyè gbà ènìyàn mẹ́ta níwájú. Ṣùgbọ́n oríkèé ọ̀pá irin rẹ̀ pọ̀, àwọn rọ́bà oríkèé wọ̀nyí sì máa ń jẹ. Bí wọ́n bá ti jẹ, ọ̀pá á máa mì lọ́wọ́, lẹ́tà ojú rẹ̀ á sì máa parọ́.

(d) Ọ̀pá ilẹ̀ tí ojú ọ̀nà rẹ̀ wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ yà sọ́tùn-ún tàbí sósì kó tó kọjá láti gíà kan sí èkejì. Ó dára púpọ̀ fún oko, nítorí pé kì í ṣèèṣì, ọwọ́ sì ń mọ ibi tó wà. Àbùkù rẹ̀ ni pé eruku máa ń kún ojú ọ̀nà yẹn. Ẹ máa gbọ̀n ọ́n nù.

(e) Ọ̀pá ilẹ̀ tó lọ gbọọrọ, tó ní bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ lára orí rẹ̀. Òun náà dára, bí bọ́tìnnì bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí bọ́tìnnì bá ti kú, tí ọ̀pá ń lọ tó ń bọ̀ bí ó ti wù ú, ẹ má gbà á.

(ẹ) Ọ̀pá àwọn onísáré. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje máa ń lo ọ̀pá kan tó jẹ́ pé fífà kan, gíà kan. Kò lè fo gíà kan kọjá. Fún ìje, ó dára. Fún wa, ó le díẹ̀. Ẹni tó wà ní gíà kìíní tó fẹ́ lọ sí R inú ẹrẹ̀, á fà á lẹ́ẹ̀kan, á tún un fà, á tún un fà. Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ ní onírúurú, oníkálukú fún iye gíà tirẹ̀. Tí ti onígíà mẹ́ta bá wọ ọkọ̀ onígíà mẹ́rin, gíà kan yóò sọnù.

(f) Ọ̀pá oníná. Kò sí wáyà tó so ọ́ mọ́ gíàbọ́ọ̀sì, iná ló ń ránṣẹ́. Àwọn kan wà nínú wọn tí ọ̀pá á padà sí àárín bí a bá ti fi í sílẹ̀, tí ọwọ́ kò sì lè mọ ibi tí gíà wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, ilé iṣẹ́ Fiat Chrysler kéde pé àwọn fẹ́ tún ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ márùn-ún ṣe, Jeep Grand Cherokee ti ọdún 2014 àti 2015 wà nínú wọn, nítorí pé àwọn dírẹ́bà ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú èrò pé àwọn ti fi í sí P. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, òṣèré sinimá kan, Anton Yelchin, kú ní Los Angeles nígbà tí Jeep tirẹ̀ yí sẹ́yìn, tó sì há a mọ́ òpó bíríkì lójú ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹ ò rí i? Àìmọ ibi tí gíà wà kì í ṣe ti oníṣu Ìlobùú nìkan.

5. BÍ WỌ́N BÁ TI TÚN GÍÀBỌ́Ọ̀SÌ ṢE

Àwọn kan máa ń tún inú gíàbọ́ọ̀sì ṣe tó fi jẹ́ pé kò ní pààrọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́, ọwọ́ dírẹ́bà nìkan ni yóò máa tẹ̀ lé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ yí ètò rẹ̀ padà, tí gíà kìíní fi ṣaájú lẹ́yìn N, tí kẹta wá kẹ́yìn. Bí ẹ bá pàdé irú rẹ̀, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó ra ọ̀pá.

Èkíní: gíà iwájú mélòó ló ní? Èkejì: báwo ni wọ́n ṣe tò ó láti P títí dé òpin? Ẹ̀kẹta: apá ara gíàbọ́ọ̀sì ń rìn jìnnà tó báwo láti gíà kan sí èkejì? Ọ̀pá tí ẹ fẹ́ rà gbọ́dọ̀ dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà. Bí ìrìn wọn kò bá dọ́gba, P lè jókòó dáadáa kí L má jókòó rárá.

Ní ti wáyà àti ọ̀pá irin, èrò wa nìyí. Ọ̀pá irin lágbára, ṣùgbọ́n bí rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé bá ti rọ̀, ẹ́ńjìnì á máa mì, á sì máa fa ọ̀pá irin mọ́ra. Wáyà ń tẹ̀ lé ẹ́ńjìnì láìjà. Àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ká kọ́ńdọ́, kò gbọ́dọ̀ kan páìpù èéfín nítorí iná á jó o, orí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní rọ́bà tí kò ní jẹ́ kí omi ẹrẹ̀ wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó ká wa lára. Swíìṣì kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tan àfi bí gíà bá wà ní P tàbí N. Bí ọ̀pá kò bá bá gíàbọ́ọ̀sì mu, ọkọ̀ á kọ̀ láti tan. Dípò kí wọ́n tún ọ̀pá ṣe, àwọn oníwáyà kan á so wáyà swíìṣì náà pọ̀, wọ́n á ní “ó ti tan.” Ẹ má gbà. Swíìṣì yẹn ń sọ òótọ́ fún yín, wọ́n wá di ẹnu rẹ̀.

6. BÍ A ṢE Ń DÁN AN WÒ KÍ A TÓ SANWÓ

1. Ẹ wá ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ fi òkúta dí táyà. Kí ènìyàn kankan má ṣe dúró níwájú tàbí lẹ́yìn ọkọ̀.
2. Kí ẹ́ńjìnì wà ní pípa. Kí mẹkáníìkì tú wáyà kúrò lára gíàbọ́ọ̀sì, kó fi ọwọ́ yí apá rẹ̀ láti òpin kan dé èkejì, kó ka “kọ́, kọ́”. Iye tó bá kà gbọ́dọ̀ bá lẹ́tà orí ọ̀pá mu.
3. Kó so ó padà, kó sì tún un wò ní P àti ní òpin kejì. Bí òpin méjèèjì bá jókòó, àárín sábà máa ń jókòó.
4. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ gbìyànjú láti tan ẹ́ńjìnì ní R, ní D, ní 2 àti ní L. Kò gbọ́dọ̀ tan. Ní P àti N nìkan ni kó tan.
5. Ní R, iná ẹ̀yìn tó funfun gbọ́dọ̀ tàn. Ní N, kò gbọ́dọ̀ tàn.
6. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ṣì wà lórí bíréèkì: ẹ fi í sí N, ẹ rọra ti ọ̀pá síhìn-ín sọ́hùn-ún láìtẹ bọ́tìnnì. Bí gíà bá mú, ẹ dá a padà fún wọn.
7. Ẹ fa irin ìwọ̀n ọ́ìlì yọ, bí ọkọ̀ náà bá ní in. Ọ́ìlì tó dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ti ròyìn gíàbọ́ọ̀sì fún yín.

Àyẹ̀wò yìí kì í gba ọjọ́ kan. Dídúró de gíàbọ́ọ̀sì mìíràn máa ń jẹ odidi àsìkò iṣu.

7. ÌMỌ̀RÀN WA

Bí a bá bi wá ní èrò ọkàn wa, a ó sọ ọ́ láìfi bò. Ẹni tí kò ní mẹkáníìkì tó gbọ́ èdè ọtọmátíìkì nítòsí, kó ra ọkọ̀ gíà alọ́wọ́fà. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n tún ṣe láàárín wa. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, tàbí tí àgbà ti dé sí, tí ọtọmátíìkì bá lára mu, kó rà á, ṣùgbọ́n kó mú èyí tí ọ̀pá àti gíàbọ́ọ̀sì rẹ̀ jọ wá láti ilé kan náà. Ẹni tí ọ̀ràn bá sì ti kàn láti pààrọ̀ ọ̀pá, kó mú irú (d) tàbí (e), kó sì yẹra fún ọ̀pá onísáré, bó ti wù kó dán tó. A kì í tìtorí dídán ra ọ̀bẹ tí kò mú.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ti fẹnu kò pé láti ìsinsìnyí, a ó fi àyẹ̀wò méje òkè yìí mọ́ ìwé ẹ̀yáwó ọkọ̀. Ọmọ ìgbìmọ̀ méjì yóò wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Kì í ṣe pé a fẹ́ fi ìdíwọ́ sí ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Owó tí a fi ń yá yín, owó ìyá aláta wà nínú rẹ̀, owó bàbá tó ń dá náírà díẹ̀díẹ̀ ní ìpàdé wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì fà sẹ́yìn ní ọjà, kì í béèrè ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́.

Ìyá oníṣu yẹn ṣì ń tajà. Bí ó bá ti rí wa, á ní, “Akọ̀wé, ẹ ti wo gíà wọn?” A máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín nínú wa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ló dé tí P kò fi lè rọ́pò bíréèkì ọwọ́?
2. Kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí ọ̀pá kékeré ọkọ̀ onítáyà mẹ́rin bá wà ní N?
3. Bí oníwáyà bá ní kí òun so wáyà swíìṣì pọ̀ kí ọkọ̀ lè tan, kí ni ẹ ó dá a lóhùn?
4. Ta ni nínú yín tí ọ̀pá gíà ọkọ̀ rẹ̀ ń mì lọ́wọ́ báyìí? Kó dìde, kó sọ ọ́. A kò ní bá a wí.

Ó dìgbà kan ná o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́